Omi Tí Alágbàfọ̀ Gbé fún Wolé-wolé

Ẹ̀wà ti wà lórí iná láti aago mẹ́fà òwúrọ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá, síbẹ̀ tí èèyàn bá mú horo kan jù mọ́ ògiri, á ró kọ́ bí òkúta. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní gbogbo ilé tó wà nísàlẹ̀ ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Kì í ṣe pé ẹ̀wà burú, omi ni kò dáa. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n kọ́lé sí fáwọn ọ̀gá, omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń se tiwọn, ẹ̀wà wọn sì ń rọ̀ kí oorun tó kúrò lójú wọn. Ẹ̀wà kan náà, ọjà kan náà ni wọ́n ti rà á.

Ìyá Eléèédú gbé àpò èédú kékeré kan wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Afọṣọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé èédú àárọ̀ ò ní í tó, mo ti yáa gbé òmíràn wá."

"Ẹ̀ẹ̀kejì lónìí rèé. Inú ẹ sì ń dùn."

"Kí ni ò ní í jẹ́ kó dùn? Omi kànga yín ló ń bọ́ mi. Ọjọ́ tí ẹ̀wà bá ń tètè jinná ládùúgbò yìí, ebi ló máa pa mí."

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè. Ó ń fún aṣọ. Aṣọ ibùsùn ni, aṣọ ibùsùn ilé àlejò ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì. Funfun ni gbogbo wọn, nítorí àwọn ọ̀gá kì í sùn sórí àwọ̀ mìíràn. Láàárín gbogbo obìnrin tó ń fọṣọ ládùúgbò yẹn, òun nìkan ló lè fi omi kànga ibẹ̀ fọ aṣọ funfun kó má pọ́n, kó má sì gan. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Omi tó bá fà látinú kànga, funfun bí omi ògì tí wọ́n dà nù, báfù àkọ́kọ́ ló máa ń dà á sí, á ju álọ́ọ̀mù sí i, á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lè sùn. Á rọra gbọ́n ojú rẹ̀ sínú báfù kejì, á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á máa tọ́ ọ wò lẹ́nu ahọ́n títí tí kò fi ní í ta á mọ́. Á wá fi aṣọ tín-ínrín sẹ́ ẹ sínú báfù kẹta. Omi tó bá dé báfù kẹta, ojú èèyàn ń hàn nínú rẹ̀ kedere. Bó bá ti fi ọṣẹ kan án, ọṣẹ á hó. Bí ó bá jẹ́ èyí tó wà nínú kànga ni, èèyàn á fi odidi ọṣẹ pa á láṣán ni.

Nínú ilé, ọmọ ìkókó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bímọ sílé, ọkọ ọmọbìnrin náà sì wà níbi iṣẹ́ lọ́nà jíjìn.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá Eléèédú wí. "Ara ẹ̀ ò tíì sàn?"

"Ó máa sàn. Ooru ni."

Ìyá Eléèédú kàn gbé àpò èédú sílẹ̀. Ó ti rí ara ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ooru tí í bó èèyàn bí àlùbọ́sà.

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyí tí àwọn ọmọdé fi figbe ta lójú títì: "Wolé-wolé! Wolé-wolé ń bọ̀ o!"

Ẹni tí kò bá tíì gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ ohun tí igbe yẹn ń ṣe. Ẹsẹ̀ kan náà ni gbogbo ilé ń sá. Ẹni tó ní ìkòkò tó ní ìdin yóò dà á nù. Ẹni tí kò gbálẹ̀ láti ọjọ́ méjì yóò mú ìgbálẹ̀. Wọ́n á bo èyí, wọ́n á ti tọ̀hún sábẹ́ ibùsùn. Nítorí láti ìgbà tí a ti dáyé, wolé-wolé kì í wá bá tálákà láti béèrè pé kí ló ń ṣe é. Ó ń wá láti béèrè ìdí tó fi dọ̀tí, tí yóò sì bu owó ìtanràn lé e lórí. Ohun kan ṣoṣo tí wolé-wolé kọ́ wa ni ká máa fi ìdọ̀tí pamọ́.

Ọkọ̀ funfun kan dúró ní ẹnu ilé Alágbàfọ̀ gan-an. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ni ọkùnrin tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì yàn láti máa bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é. Bí òkú kú, á rẹ́rìn-ín. Bí ògiri wó, á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó wọ awò ojú, tó gbé àpótí kékeré dání. Òun ni wolé-wolé. Àjọ tó ń mójú tó omi ló rán an wá, kì í ṣe àwọn tó ń yẹ ilé ìdáná wò. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa to ìyẹn lẹ́sẹẹsẹ fún obìnrin tó ń fún aṣọ?

"Ìyá wa, ẹ kú ilé o," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Wọ́n kàn fẹ́ bu omi yín díẹ̀ ni, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fún wọn ní èyí tó ṣeé gbé síwájú àlejò. Ẹ má dójú tì wá." Ó gbójú sókè wo okùn tí aṣọ wà. "Aṣọ wa nìyí àbí? Ẹ wò ó bó ṣe funfun! Ta ló ń sọ pé omi ibí ò dáa?"

Kí ni obìnrin náà ì bá ṣe? Aláṣọ rẹ̀ ló dúró yẹn, wolé-wolé ló dúró tì í, gbogbo àdúgbò sì ti yọrí sójú fèrèsé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó mú ife tuntun, ó sì lọ sí ìdí báfù kẹta.

"Mámà, ṣé omi kànga nìyí?" ni wolé-wolé béèrè.

"Omi kànga ni, sà."

"Kànga yẹn?"

"Kànga yẹn náà ni."

Kò purọ́. Inú kànga náà ló ti wá. Ọkùnrin náà wo ibi tí kànga wà. Wọ́n fi páànù dé e, wọ́n sì gbé òkúta lé páànù lórí. Oòrùn ń mú. Ẹlẹ́rìn-ín wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ nǹkan kékeré kan nípa oúnjẹ tó ti wà nílẹ̀ ní ilé àlejò. Wolé-wolé ò ṣí kànga náà. Ó ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, èyí tó ń yí àwọ̀ padà bí omi ò bá dáa, bọ inú omi inú ife, ó gbé e sójú oòrùn, bébà náà ò yí padà. Ó ní, "Ó dáa." Ó rọ omi sínú ìgò kékeré méjì, ó lẹ bébà mọ́ ọn lẹ́nu, ó kọ̀wé sí i, ó sì fa ìwé kan yọ.

"Ẹ tẹ̀ka síbí, Mámà. Pé ẹ̀yin lẹ fún mi, pé omi kànga yín ni."

Ó tẹ̀ka. Nígbà tí ọkọ̀ lọ, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀. Ìyá Eléèédú, tó ti sá lọ sẹ́yìn ọgbà, pàtẹ́wọ́ láti ibẹ̀.

"Ẹ ṣe bẹbẹ! Ẹ ò rí i bí ojú wọn ṣe kọ́rẹ́ lọ? Wọ́n ti rò pé àwọn máa rí wa mú!"

"Wọ́n ti gbàgbé pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," ni Alágbàfọ̀ wí. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: inú rẹ̀ dùn gan-an ni.

*

Ọkọ Alágbàfọ̀ wà nínú kòtò òkúta lákòókò yẹn. Bàbá Pọ́ǹpù ni gbogbo ayé ń pè é. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun, kí omi má baà bo àwọn katapílà mọ́lẹ̀. Omi náà, tó rí bíi wàrà, inú adágún kan ló ń fà á lọ, kó lè sinmi níbẹ̀, kí ẹrẹ̀ rẹ̀ sùn, kí èyí tó mọ́ wá máa ṣàn lọ sódò. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn. Ní tòótọ́, ẹrẹ̀ ti kún adágún náà dé etí, kò sẹ́ni tó wá gbẹ́ ẹ. Nítorí náà, bí iṣẹ́ alẹ́ bá kàn án, tí ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀, fọ́máànù á ní kó ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ máa lọ sódò tòun tẹrẹ̀. Èyí tún kéré. Eérú tí wọ́n ń kó jáde nínú ilé iná, èyí tó ń jó èèyàn lọ́wọ́ bó bá ti lọ́rinrin, inú kòtò àtijọ́ tó wà lókè àdúgbò ni àwọn típà ń dà á sí, láìtẹ́ nǹkankan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ibo ló fẹ́ lọ? Omi kì í gun òkè. Inú kànga àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń lọ.

Bàbá Pọ́ǹpù mọ gbogbo èyí, nítorí láti ibi tó ń jókòó sí ló ti ń rí àwọn típà náà. Ó sì jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í tán nínú rẹ̀. Bí o bá ṣẹ̀ ẹ́ ní kékeré, yóò rán ọ létí rẹ̀ nígbà tí o bá ń gbé ọmọ-ọmọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, fọ́máànù sáré wá bá a.

"Pa ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ lónìí o. Wolé-wolé omi wà níta."

Bàbá Pọ́ǹpù yíjú sí i. "Ṣebí ọ̀sán ni..." Ó bu ètè jẹ.

"Kí lo sọ?"

"Mi ò sọ nǹkankan, sà."

Aago méjì ni wọ́n máa ń pààrọ̀ iṣẹ́. Kò dúró fọ ẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ilé, ẹrẹ̀ funfun ti gbẹ mọ́ ọn títí dé orúnkún, ó rí bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀.

"Wọ́n ti dé?"

"Ẹ káàbọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Wọ́n ti dé, wọ́n ti lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò jẹ́ kójú tì yín."

"Omi wo lo fún wọn?"

Ó rí ojú ọkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Èyí tó dáa."

Bàbá Pọ́ǹpù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò wo ibi tó jókòó sí.

"Èyí tó dáa," ni ó tún un sọ. "Báfù kẹta."

"Àbí èyí tó burú ni kí n gbé síwájú wolé-wolé? Kí wọ́n wá bu owó ìtanràn lé wa lórí? Kí ẹni tó ń gbé aṣọ fún mi dúró síbẹ̀ kó máa wò ó?"

"Èmi ni mo pè wọ́n!"

Gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ. Ẹni tó ń gún nǹkan lọ́wọ́ dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ̀yin lẹ pe wolé-wolé?"

"Èmi ni! Èmi ni mo wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn, tí mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá yẹ kànga yìí wò. Kí wọ́n rí ohun tó wà nínú ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi agbára mú àwọn yẹn láti kó eérú wọn kúrò lórí wa, kí wọ́n sì fa omi ẹ̀rọ wá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń jáde. Ẹ̀ẹ̀kan! Wọ́n ní aago mẹ́ta ọ̀sán làwọn máa dé, tí mo bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé àwọn èèyàn yìí máa lọ pàdé wọn lójú ọ̀nà. Ìwọ wá lọ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú gbogbo ẹ̀!"

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún ẹ, o máa sọ fún Ìyá Eléèédú. Tí o bá sọ fún Ìyá Eléèédú, o ti sọ fún fọ́máànù nìyẹn."

"Ẹ yọ mí kúrò nínú ẹ̀ o!" ni ohùn kan wí láti ẹ̀yìn ọgbà. "Mi ò gbọ́ nǹkankan!"

"Ẹ ò sọ fún mi," ni Alágbàfọ̀ tún wí. Omijé ti ń dé sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ló wà nínú rẹ̀. "Èmi tí mò ń fa omi náà. Èmi tí ọwọ́ mi ń là. Ẹ jókòó síwájú àlejò, ẹ rò fún un. Èmi tí a jọ ń sùn, ẹ kò rò fún mi. Ẹ wá ní mo bà á jẹ́. Ta ló bà á jẹ́?"

Ọkùnrin náà fi èékánná ha ẹrẹ̀ orúnkún rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá a.

Ilẹ̀kùn iyàrá ṣí. Ọmọ wọn obìnrin jáde, ó gbé ọmọ rẹ̀ dání láìfi aṣọ bò ó. Ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ lórí àga, láàárín àwọn méjèèjì.

"Ẹ wò ó. Ẹ wò ó kí ẹ tó máa jà lọ."

Wọ́n wò ó. Láti abẹ́ apá dé itan, ara ọmọ náà ti bó. Ibi tó bó ti pọ́n, ó sì tutù. Ọmọ náà ò tilẹ̀ sunkún mọ́. Ó kàn ń ṣí ẹnu, ó ń pa á dé.

"Omi báfù kẹta, aṣọ àwọn ọ̀gá ló ń lò ó," ni ọmọbìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Mo mọ̀ pé álọ́ọ̀mù àti ọsàn ò ṣeé fi wẹ ọmọ, Màámi. Mi ò bá yín jà. Mo kàn ń sọ ọ́ ni. Omi inú kànga la fi ń wẹ èyí. Bí a sè é, bí a ò sè é, bákan náà ni."

Ẹ̀wà ń hó lórí iná.

Ìyá Eléèédú ló gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó wo ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Ẹ má bínú. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè gan-an ló ń fọ́ yìí, Ìyá Eléèédú," ni ìyá ọmọ fèsì.

"Ó dáa, ẹ gbọ́ mi. A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápẹpẹ. Ìjà yín ò sí nílé yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èédú lọ sílé àlejò tán ni. Ọkọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀. Adìẹ ni wọ́n ń sun, ohun mímu ò sì tíì tán níwájú wọn. Dírẹ́bà wọn sọ fún mi pé aago mẹ́rin làwọn máa gbéra."

Bàbá Pọ́ǹpù ti dìde. Ìyàwó rẹ̀ ti wà ní ìdí kànga. Ó gbé òkúta kúrò, ó ju páànù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa omi. Ó kún garawa. Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ kó gbà á.

"Rárá. Èmi ni mo gbé èyí tó dáa fún wọn. Èmi náà ni máa gbé èyí tó burú."

*

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò jẹ́ kí wọ́n kọjá géètì ilé àlejò. Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín jáde wá, ó ń fi igi tayín. Fọ́máànù wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ òrùlé, ó kó ọwọ́ sápò.

"Ìyá wa! Ẹ tún gbé omi wá? Ẹ ti fún wa láàárọ̀."

"Èyí tí mo fún wọn, mo ti fi nǹkan sí i. Mo fẹ́ rí wolé-wolé."

Ẹlẹ́rìn-ín sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ eyín rẹ̀ ṣì wà níta. "Ẹ gbọ́, Ìyá. Ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ ti da omi dáadáa síwájú láàárọ̀ yìí. Ẹ má fi ẹsẹ̀ ara yín pò ó di ẹrẹ̀. Tí ẹ bá ní omi tí ẹ fi ń fọ aṣọ wa ò dáa, kí la tún fẹ́ máa gbé aṣọ wá fún yín ṣe?"

Alágbàfọ̀ yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ó ń dúró kó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó lè bá ògiri jà fún ọdún mẹ́wàá, ó ń wo fọ́máànù, fọ́máànù náà sì ń wò ó. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ó gbé garawa sílẹ̀, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe: "Wolé-wolé! Ẹ jáde, ẹ wá wo omi wa!"

Ọkùnrin náà jáde, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dán fún òróró adìẹ. Ó wo obìnrin náà, ó wo garawa.

"Mámà, ṣebí ẹ ti tẹ̀ka?"

"Mo tẹ̀ka. Álọ́ọ̀mù ni mo fi sí i, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo wá fi aṣọ sẹ́ ẹ. Alágbàfọ̀ ni mí, iṣẹ́ mi ni. Èyí ni bó ṣe rí nínú kànga."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi fún mi ní ìyẹn?"

"Wolé-wolé ni yín," ni obìnrin náà wí.

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó yé ọkùnrin náà. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú àpò, ó bẹ̀rẹ̀, ó kì í bọ inú garawa. Kò dé ìṣẹ́jú kan tí bébà náà fi dúdú bí aró.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí.

"Ọ̀gá," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí, "ta ló mọ ohun tí wọ́n dà sínú garawa yìí lójú ọ̀nà? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé omi tí ẹ ò bá fi ọwọ́ yín bù, ẹ kì í kọ ọ́."

"Òótọ́ ni, Mámà. Òfin ni. Omi tí mi ò bá fi ọwọ́ ara mi bù nínú kànga, mi ò lè kọ ọ́."

"Èyí àárọ̀ ńkọ́, sà? Ọwọ́ yín lẹ fi bù ú ni? Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi bù ú fún yín. Ìgbà tó mọ́, ọwọ́ mi dáa. Ìgbà tó dọ̀tí, òfin dé."

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wolé-wolé tún wo bébà dúdú náà. "Mo lè padà lọ bù ú," ni ó wí níkẹyìn. "Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ fagi lé ìwé àkọ́kọ́, mi ò sì lè fagi lé e láìjẹ́ pé ẹni tó mú ẹjọ́ wá fi orúkọ sílẹ̀, kó sì tẹ̀ka. Ẹni náà bẹ̀ mí nígbà yẹn pé kí n má kọ orúkọ òun. Nọ́ńbà ilé nìkan ló wà níbí."

Kò wo Bàbá Pọ́ǹpù. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì fi ojú fò ó. Ọ̀wọ̀ díẹ̀ tó bù fún un lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Bàbá Pọ́ǹpù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹrẹ̀ funfun tó gbẹ sí i ti ń là. Ó gbé orí sókè.

"Èmi ni," ni ó wí. "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, kí ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa lè rí i kà. Ẹ fi kún un pé adágún wọn ti kún, pé alẹ́ ni wọ́n ń ṣí i sódò, pé èmi ni mo ń bá wọn ṣí i. Ẹ kọ ìyẹn náà."

Fọ́máànù yọ ọwọ́ kan nínú àpò, ó nà án síwájú. Kò bínú, kò pariwo.

"Bàbá Pọ́ǹpù, kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ."

Ó yọ ọ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó tẹ̀ka.

"Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu," ni Alágbàfọ̀ wí, ó ń wo Ẹlẹ́rìn-ín. "Ẹ rán ọmọ yín wá kó aṣọ yín. Ó ti gbẹ."

*

Ìgbà tí ọkọ̀ funfun náà padà dé, gbogbo àdúgbò ti dúró síta. Kò sẹ́ni tó gbálẹ̀, kò sẹ́ni tó bo ìkòkò. Wolé-wolé ṣí kànga fúnra rẹ̀. Ó rọ garawa sísàlẹ̀, ó fà á sókè, omi náà ta sí bàtà rẹ̀, ó sì gbẹ síbẹ̀ ní funfun. Ìgò tuntun ti tán nínú àpótí rẹ̀. Ó já bébà ẹnu ìgò méjì ti àárọ̀, ó da omi mímọ́ náà sílẹ̀, ó fi omi kànga ṣan wọ́n, ó sì rọ ọ́ kún.

Ìyá Eléèédú bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ọlọ́run. Ẹnì kan ní kí ó dákẹ́ ná.

"Ìgbà wo ni èsì á jáde, sà?" ni Bàbá Pọ́ǹpù béèrè.

"Olú ìlú ni ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò wà, omi tó wà nílẹ̀ sì pọ̀. Bí nǹkan bá lọ geere, oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, àjọ á kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ní àyè láti fèsì."

"Ní báyìí ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ti wọ inú ọkọ̀. Ó rí ọmọ ìkókó tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì wò ó dáadáa, bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò.

"Ní báyìí, ẹ má fi omi yìí wẹ ọmọ," ni ó wí.

"Èwo ni kí n fi wẹ̀ ẹ́?" ni ìyá ọmọ béèrè.

Ọkùnrin náà wo dírẹ́bà. Dírẹ́bà wo ojú ọ̀nà. Gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ rọra gòkè.

Ọmọbìnrin náà dúró síbẹ̀ títí eruku ọkọ̀ fi balẹ̀. "Oṣù mẹ́ta," ni ó wí, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni. Ó fi aṣọ bo ọmọ náà, ó ṣọ́ra kí aṣọ má fara kan ibi tó bó.

"Àná ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láyé."